Ohun Tó Wà Nínú Àgbá Kọkànlá

Èmi ni mo máa ń kọ ìwé ẹrù ní ìjọ wa, lẹ́yìn Niger Street ní Sábóngàrí, Kánò. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún la máa ń da ẹrù pọ̀ ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ àti ẹbí wa ní London. Kò sí ẹnì kan nínú wa tí ẹrù rẹ̀ lè kún kọ̀ntéènà kan. Kódà tí a bá pa gbogbo rẹ̀ pọ̀, kò lè kún un. Nítorí náà, kálukú á ra àgbá oníke aláwọ̀ búlúù, á di ẹrù rẹ̀ sínú rẹ̀, a ó sì kó gbogbo rẹ̀ sínú ọkọ̀ akẹ́rù lọ sí Èkó. Níbẹ̀ ni ọkùnrin kan tó ń bá wa ṣètò rẹ̀ á ti kó o pọ̀ mọ́ ti àwọn ẹlòmíràn nínú kọ̀ntéènà kan ṣoṣo kó tó wọ ọkọ̀ ojú omi.

Ọkùnrin yìí kò mọ orúkọ wa, nọ́ńbà ló mọ̀. Mo máa ń fi ọ̀dà funfun kọ nọ́ńbà sára àgbá kọ̀ọ̀kan, mo sì máa ń kọ ohun tó wà nínú rẹ̀ sínú ìwé méjì. Èyí tí kò lórúkọ ń bá ẹrù lọ, èyí tó lórúkọ wà lọ́wọ́ mi. Akọ̀wé ẹrù ni bàbá mi ní rélùwéè, Railway Quarters la sì ń gbé títí mo fi parí ilé ẹ̀kọ́ girama. Wọ́n máa ń sọ pé ẹni tó kọ àpò mẹ́sàn-án níbi tí àpò mẹ́wàá gbé wà ti jalè, bí ọwọ́ rẹ̀ kò tilẹ̀ kan nǹkan kan. Bí wọ́n ṣe tọ́ mi nìyẹn. N kò lè sọ pé n kò mọ̀.

Kí a tó di ẹrù, mo máa ń ka òfin sókè ní Yorùbá, mo sì máa ń tún un kà ní píjìn nítorí àwọn ọmọ tó bá ìyá wọn wá. Ẹran kò gbọdọ̀ wọ inú àgbá, ìbáà ṣe tútù, ìbáà ṣe gbígbẹ. Tí wọ́n bá bá ẹran nínú ẹyọ kan péré, gbogbo ẹrù ni wọn yóò dá dúró. Tí mo bá kà á tán, mo máa ń yẹ àgbá kọ̀ọ̀kan wò, èmi fúnra mi, kí wọ́n tó fi òrùka irin dé e.

Lọ́jọ́ tí mò ń sọ yìí, mo bá pọ̀ǹmọ́ gbígbẹ nínú ọ̀rá kan nísàlẹ̀ àgbá Ìyá Onírẹsì. Ìrẹsì àti ẹ̀wà ló ń tà ní òpópónà kejì sí ṣọ́ọ̀ṣì. Àbúrò rẹ̀ obìnrin ń se oúnjẹ tà ní London, ata gbígbẹ, ẹ̀gúsí, ìrú àti ẹja gbígbẹ tí Ìyá Onírẹsì ń fi ránṣẹ́ láti Kánò ló sì fi ń se é. Iṣẹ́ yẹn ni àwọn méjèèjì fi ń tọ́ ọmọ. Gbogbo wa la mọ̀.

Mo gbé ọ̀rá náà sókè, mo bi í pé kí ni.

Ó ní, "Ah, Màmá Akọ̀wé, pọ̀ǹmọ́ kẹ̀. Awọ ni, kì í ṣe ẹran. Bàtà tó wà lẹ́sẹ̀ yín yẹn náà, awọ ni."

Gbogbo èèyàn rẹ́rìn-ín. Èmi kò rẹ́rìn-ín. Mo ní kí ó yọ ọ́, ó sì yọ ọ́ lójú gbogbo ìjọ, ó ń ṣe àwàdà lọ, ṣùgbọ́n mo rí i pé ojú tì í. Inú mi dùn sí ara mi lọ́jọ́ náà. Mo ní mo ti gba gbogbo wa lọ́wọ́ wàhálà.

Àgbá tirẹ̀ ni kejìlá. Tèmi ni kọkànlá, kò sì sí ẹni tó yẹ tèmi wò.

Ó yẹ kí n sọ̀rọ̀ ọmọ mi. Òun nìkan ni mo bí, ó sì ti lo ọdún mẹ́fà ní London. Kánò la bí i sí. Ó gbọ́ Yorùbá dáadáa, ṣùgbọ́n tí mo bá bá a sọ ọ́, Haúsá ni á fi dá mi lóhùn. Láti ìgbà tí bàbá rẹ̀ ti kú ni ìpè rẹ̀ ti ń wọ́n. Tí mo bá bi í pé kí ni kí n fi ránṣẹ́, á ní kò sí. Bó ṣe ń rí nìyẹn ní gbogbo ọdún mẹ́fà. Àmọ́ lọ́sẹ̀ tó ṣáájú ọjọ́ ìdìpọ̀, mo tún bi í, ó wá ní, "Mama, kilishi nake so." Kílíṣí, ẹran gbígbẹ aláta ti àwọn Haúsá, ni òun fẹ́. Mo sọ fún un pé òfin kò gbà á. Ó ní kò burú, ó sì yí ọ̀rọ̀ sí ibòmíràn.

Kò bẹ̀ mí. Ká ní ó bẹ̀ mí ni, bóyá n bá bá a jà, kí ọ̀rọ̀ náà sì tán síbẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, mo ra kílíṣí lọ́wọ́ Màlámù tó máa ń sá a sórí ẹní koríko. Mo gé e wẹ́wẹ́, mo tò ó sínú agolo mílíìkì mẹ́rin, mo fi gọ́ọ̀mù lẹ ìdérí wọn pa. Nínú ìwé ẹrù, níwájú nọ́ńbà kọkànlá, mo kọ ọ́ pé: yájì, agolo mẹ́rin. Yájì ni ata àti ẹ̀pà gígún tí àwọn alásùyà ń wọ́n sára ẹran, òórùn rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti kílíṣí. Iye agolo tí mo kọ pé pérépéré. Ohun tó wà nínú wọn ni irọ́.

Ó lé ní oṣù méjì lẹ́yìn náà tí àtẹ̀jíṣẹ́ kan wọlé sórí fóònù mi. Mò ń ṣa ẹ̀wà lọ́wọ́. Ọkùnrin Èkó náà kọ ọ́ pé wọ́n ti dá kọ̀ntéènà dúró ní èbúté London, wọ́n bá ẹran nínú àgbá kọkànlá wa, gbogbo oúnjẹ tí ìjọ wa fi ránṣẹ́ ni wọn yóò sì kó dànù. Aṣọ àti ìwé nìkan ni wọn yóò dá sílẹ̀. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Lẹ́yìn náà mo parí ẹ̀wà tí mò ń ṣà, mo dà á sínú omi. N kò mọ ìdí tí mo fi ń rántí ìyẹn.

Lẹ́yìn ìsìn lọ́jọ́ Ìsinmi, mo dìde láàárín àwọn tó ní ẹrù, mo sì sọ ọ̀rọ̀ náà fún wọn bó ṣe wà, àyàfi nọ́ńbà. Ìyá Ìjọ, tí wọ́n jẹ́ olórí àwa obìnrin, bi mí pé nọ́ńbà wo ni.

Mo ní, "Wọn ò tíì sọ, Ìyá."

Ìwé tó lórúkọ wà nínú báàgì, báàgì sì wà lórí àga tí mo dìde kúrò.

Bàbá kan tó ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn. Wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má wulẹ̀ dààmú ara rẹ̀, pọ̀ǹmọ́ ló wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sílùú ọba. Ẹ̀rín sọ. Ìyá Onírẹsì dìde, ó ní ó ṣojú gbogbo wa nígbà tí òun yọ ọ́.

Obìnrin kan dá a lóhùn pé, "Èyí tí a rí nìyẹn."

Ìyá Onírẹsì yíjú sí mi. Èmi ni mo yẹ àgbá rẹ̀ wò dé ìsàlẹ̀, èmi ni mo lè sọ pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀ mọ́. Mo ń wo fóònù mi bí ẹni tó ń wá nǹkan.

Ní àárín ọ̀sẹ̀, ó wá bá mi nílé. Mo gbé àga fún un, mo fún un lómi tútù. Ó ní ọ̀rọ̀ náà kò jẹ́ kí òun lè ta ọjà, àwọn oníbàárà òun tó jẹ́ ọmọ ìjọ ti ń gba ẹ̀gbẹ́ kejì kọjá. Ó ní òun ti ń rò ó wò. Kò sí ẹran nínú àgbá òun, òun lè fi ọmọ òun búra, ṣùgbọ́n ẹja gbígbẹ wà níbẹ̀. Ó wá tẹ̀ síwájú lórí àga.

"Ẹ̀yin lẹ kàwé, Màmá Akọ̀wé. Ṣé òyìnbó lè pe ẹja ní ẹran?"

Mo mọ èsì rẹ̀. Ẹja wà lára ohun tí òfin gbà, èmi ni mo máa ń kà á sókè. Mo wo ojú rẹ̀. Kì í ṣe pé ó fẹ́ dá ara rẹ̀ láre, ó kàn fẹ́ mọ ohun tí òun ṣe ni.

Mo ní, "Ó ṣeé ṣe."

Ó mí kanlẹ̀, ó ní ó dáa, ó kúkú ti yé òun báyìí. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ó fọ ife tó fi mu omi kó tó lọ.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, ó kúnlẹ̀ níwájú gbogbo àwọn tó ní ẹrù. Ó ní ẹja òun ló fa wàhálà, àìmọ̀ ni, kí wọ́n forí jì òun. Kò sí ẹni tó ní kí ó dìde. Ó wà lórí ìkúnlẹ̀ nígbà tí Ìyá Ìjọ ń gbà wá nímọ̀ràn lórí ìgbọràn, wọ́n sì pẹ́ lẹ́nu rẹ̀. Nígbà tí wọ́n parí, wọ́n ní kí Ìyá Onírẹsì ṣì fi ẹrù sílẹ̀ ná, kí ó má bá wa dá sí èyí tó ń bọ̀, kí ọkàn àwọn èèyàn lè balẹ̀. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni Ìyá. Àbúrò rẹ̀ kò ní ohun tí yóò sè.

Mo jókòó síbẹ̀. Mo ń sọ fún ara mi pé tó bá yá, n óò sọ ọ́. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún ara mi fún oṣù méjì.

Ohun tó lé mi dìde ni ìwé ẹrù tuntun. Mo fa ìlà sí i nílé, mo kọ nọ́ńbà láti orí ìkíní, mo sì ń kọ orúkọ níwájú wọn. Nígbà tí mo dé ìkejìlá, mo rí i pé èmi ni mo fẹ́ fi ọwọ́ ara mi kọ orúkọ ẹlòmíràn síbẹ̀. Mo dé kálámù, mo wọ bàtà, mo lọ sí ìsọ̀ rẹ̀. Ọ̀sán ti rọ̀, àwọn tó ń jẹun ti tú ká. Ó ń fi ṣíbí họ ìdí ìkòkò. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un: ọmọ mi, agolo mẹ́rin, nọ́ńbà kọkànlá. Kò dá iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ dúró títí mo fi dákẹ́.

Ó ní, "Ọjọ́ tí mo wá bá yín nílé, ẹ fún mi lómi mu. Ẹ wò mí lójú. Ẹ ronú kí ẹ tó dáhùn."

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

"Ẹ lọ sọ ọ́ níbi tí mo ti kúnlẹ̀."

Mo lọ. Lọ́jọ́ Ìsinmi yẹn, mo sọ ọ́ níwájú gbogbo wọn, n kò sì yọ nǹkan kan kúrò níbẹ̀, títí kan ohun tí mo sọ fún un nílé mi. Mo fẹ́ kúnlẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn méjì ti dì mí lápá kí orúnkún mi tó kanlẹ̀. Wọ́n ní kí n má ṣe bẹ́ẹ̀, kí n rántí ẹsẹ̀ tó ń dùn mí. Ìyá Ìjọ ní ọmọ ló fà á, ìyá wo ni kò ní ṣe é? Bàbá tó ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò bi mí bóyá kílíṣí náà tiẹ̀ láta dáadáa kí àwọn òyìnbó tó kó o dànù. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ti dárí jì mí kí n tó bẹ̀bẹ̀ tán. Mo ní n kò ní kọ ìwé ẹrù mọ́, Ìyá Ìjọ ní kò tó bẹ́ẹ̀, ta ni kí àwọn wá gbé e fún?

Lẹ́yìn náà ni gbogbo wọn kọjú sí Ìyá Onírẹsì, wọ́n ń bẹ̀ ẹ́ pé kí ó gbàgbé, àgbà ni mí, ilé ayé ni. Ojú tì mí ju ti ìgbà tí mò ń sọ̀rọ̀ lọ. Òun tí mo ṣẹ̀ ni wọ́n wá sọ di ẹni tí gbogbo ìjọ ń dúró dè.

Ó ní, "Mo gbọ́ ohun tí Màmá Akọ̀wé sọ. Ẹ dá nọ́ńbà mi padà." Ó sì lọ sí ìsọ̀ rẹ̀.

Mo ra gbogbo ohun tí wọ́n kó dànù nínú àgbá rẹ̀ padà fún un, ó gbà á. N kò tíì sọ fún ọmọ mi. Ohun tó mọ̀ ni pé n kò fi kílíṣí ránṣẹ́.

Lọ́jọ́ ìdìpọ̀, Ìyá Onírẹsì gbé àgbá rẹ̀ wá gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀, ó kí mi dáadáa, Màmá Akọ̀wé, ṣé ara le. Mo yẹ ẹrù rẹ̀ wò, mo kọ ọ́ sílẹ̀. Àwọn mẹ́rin tàbí márùn-ún wà lẹ́yìn rẹ̀ lórí ìlà. Kò kúrò nídìí tábìlì mi. Ìyá Onírẹsì kò mọ̀wé kà, tẹ́lẹ̀ rí tí mo bá ti kọ tirẹ̀ tán, á ti lọ.

Ó ní, "Ẹ kà á sí mi létí."

Mo kà á: ata gbígbẹ, ẹ̀gúsí, ìrú, ẹja gbígbẹ, pẹ̀lú iye ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ó ń fi ìka kà á bí mo ṣe ń pè é. Nígbà tí mo dé òpin, ó gbé ojú kúrò lára ìka rẹ̀, ó wò mí, kò bínú, kò sì rẹ́rìn-ín.

"Ẹ tún un kà."

Mo tún un kà.