Màmá Ìmọ́tótó Lórí Bẹ́ẹ̀dì Yàrá Tó Ń Nù

Ọdún mọ́kànlá gbáko ni Màmá Ìmọ́tótó fi ń nu yàrá tí àwọn dókítà ti ń fi abẹ́rẹ́ tọ́jú egungun, kò sì sẹ́ni tó láyà láti gbé bàtà ìta wọ ibẹ̀. Ọ̀gá dókítà pàápàá á kọ́kọ́ yọjú wò ó bóyá ilẹ̀ ti gbẹ.

Àmọ́ oṣù mẹ́jọ rèé tí màmá kò lè fi ẹ̀yìn lélẹ̀ sùn. Orí àga ló ń sùn, ọkọ rẹ̀ nìkan ló wá ń jọba lórí bẹ́ẹ̀dì. Àwòrán tí wọ́n yà níléèwòsàn fi hàn pé kókó kan, tó jẹ́ kìkì iṣan ẹ̀jẹ̀, ti sọ ọ̀kan nínú egungun ẹ̀yìn rẹ̀ di hẹ́gẹhẹ̀gẹ.

"Kì í ṣe jẹjẹrẹ," ni dókítà wí. "A máa fi abẹ́rẹ́ rọ sìmẹ́ńtì egungun sínú rẹ̀. Tí ìrora náà ò bá lọ, a jẹ́ pé a máa la ẹ̀yìn yín nìyẹn."

Ọ̀rọ̀ lílà yẹn ló lé ìwọ̀nba oorun tó kù lójú rẹ̀.

Nígbà tí ọjọ́ pé, ẹ wá wo iṣẹ́ ọwọ́ obìnrin yìí. Kò gbẹ́kẹ̀ lé ẹni tó gba iṣẹ́ dúró fún un lọ́jọ́ yẹn, ló bá gbé mọ́ọ̀pù, ó ń nu yàrá tí wọ́n fẹ́ ti tọ́jú òun alára. Nọ́ọ̀sì ká a mọ́ ibẹ̀.

"Màmá, aláìsàn lẹ jẹ́ lónìí."

"Mo mọ̀. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì nìkan ló kù."

Wọ́n ní kó dojú bolẹ̀, wọ́n fún un lábẹ́rẹ́ apàrora, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ là kedere. Inú rẹ̀ ń dùn ṣìnkìn, torí ó dá a lójú pé àga yẹn ti fẹ́ di ti àlejò. Bí dókítà ṣe ń tẹ̀lé abẹ́rẹ́ lójú ẹ̀rọ, ilẹ̀ ni màmá ń wò láti ojú ihò tó wà níbi ìgbórílé bẹ́ẹ̀dì náà.

"Màmá, ṣé ó ń dùn yín?"

"Rárá. Dókítà, òwú kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ òsì yín o."

Gbogbo yàrá bú sẹ́rìn-ín. Dókítà ní kí wọ́n dákẹ́, kí ọwọ́ òun má baà gbọ̀n. Kò pé wákàtí kan tí wọ́n fi parí, báńdéèjì kékeré kan ni wọ́n sì fi bo ojú ibi tí abẹ́rẹ́ gbà wọ ẹ̀yìn rẹ̀.

Wọ́n yí i padà, wọ́n ní kó fi ẹ̀yìn lélẹ̀ gbalaja fún wákàtí méjì. Ó dijú, ó ń retí ìrora náà.

Nígbà tó lajú, ọkọ rẹ̀ ló rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, omi ń bọ́ lójú rẹ̀.

"Kí ló dé? Ṣé wọ́n máa la ẹ̀yìn mi ni?"

"Rárá o," ni ọkọ rẹ̀ dáhùn. "Láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni mo ti ń gbọ́ bó o ṣe ń hanrun."