Ta Ló Yan Etí Odò?

Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé ìpàdé ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ ìjọ wa pé èmi ni mo yan ibi tí omi ti ká wa mọ́, irọ́ pátápátá sì ni.

Onitsha ni wọ́n bí mi sí. Okpoko, àdúgbò tí omi máa ń ya wọlé lásìkò òjò, la gbé títí mo fi wọ yunifásítì. Níbẹ̀, kí ọmọ tó mọ̀wé kà, ó ti mọ ojú ọ̀nà tí omi máa gbà wọlé. Ọmọ Yorùbá ni mí, àmọ́ mo gbọ́ Igbo dáadáa. Nítorí náà, ìgbàkígbà tí ìjọ wa bá fẹ́ bá onílẹ̀ sọ̀rọ̀, èmi ni wọ́n máa ń tì síwájú.

Lásìkò òjò tó kọjá, a fẹ́ lọ pàgọ́ ọjọ́ mẹ́ta lọ́nà Ogbunike, nítòsí Onitsha. Àwa mẹ́ta la lọ wo ilẹ̀: alága wa tó ń ta aṣọ, akọ̀wé, àti èmi. Bàbá onílẹ̀ fi ibi méjì hàn wá. Èkíní wà lókè, koríko kún un. Èkejì wà nísàlẹ̀ létí odò kékeré: iyanrìn funfun, ó tẹ́ rẹrẹ, kò sí ewé kan nílẹ̀.

Alága bọ́ bàtà, ó tẹ iyanrìn náà wò. "Háà! Ẹ ò rí i bó ṣe mọ́? A ò tiẹ̀ ní gbálẹ̀ rárá!"

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, omi ló ń gbá a." Mo fi pàǹtí tó há sára igi hàn wọ́n. Ó ga tó ìbàdí mi. Ṣé ẹnìkan ló fọwọ́ kó pàǹtí há síbẹ̀ ni?

Akọ̀wé bú sẹ́rìn-ín. "Ọmọ Okpoko! Tí wọ́n bá bu omi sínú ife níwájú ẹ, wàá ti ká yẹ̀rì sókè."

Bàbá onílẹ̀ náà sọ ọ́ pé bí òjò bá rọ̀ lókè odò, kódà kí oòrùn máa ràn níbí, omi á dé. Mo túmọ̀ rẹ̀, n kò yọ ọ̀rọ̀ kan.

Alága ní, "Ó fẹ́ gbin ẹ̀gẹ́ síbẹ̀ ni. Àbúrò mi, sọ fún un pé ìsàlẹ̀ la fẹ́."

Mo pe bàbá náà ní "Nna anyị", ìyẹn bàbá wa, mo jíṣẹ́ bí wọ́n ṣe rán mi. Ó wò mí bí ẹni tó ń wo wèrè.

Nígbà tí ọjọ́ ìpàgọ́ pé, èmi nìkan ni mo gbé àgọ́ tèmi lọ sókè. Mo ro koríko, mo wo orí igi bóyá ẹ̀ka gbígbẹ tó lè já lù mí wà níbẹ̀, mo sì kọjú ẹnu àgọ́ kúrò lọ́nà atẹ́gùn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, oòrùn ń ràn. Omi rọra yọ láàárín iyanrìn bí àlejò tí kò kan ilẹ̀kùn. Kí a tó wí, kúlà ìrẹsì ti léfòó, alága ń lé bàtà rẹ̀ lọ. Ọpẹ́ ni pé omi kò gbé ẹnikẹ́ni lọ. Àgọ́ tèmi, ti ẹni méjì, ni ẹni mẹ́sàn-án sá wọ̀. Akọ̀wé gan-an jókòó sórí ìrọ̀rí mi, ó ń jẹ ẹ̀pà mi.

Ní ìpàdé tó tẹ̀ lé e, òun yìí kan náà ló dìde kà á sókè látinú ìwé ìpàdé: "Arábìnrin tó bá onílẹ̀ sọ̀rọ̀ ló yan ibẹ̀." Àwọn òbí àwọn ọmọ tí mo ń kọ́ gbọ́ ọ. Látìgbà náà, wọn ò jẹ́ kí n mú àwọn ọmọ kíláàsì ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi mi lọ síbì kankan mọ́, kódà kí ó jẹ́ ìta ṣọ́ọ̀ṣì. Ọdún mẹ́fà ni mo ti fi ń kọ́ wọn.

Àwọn kan nínú ìjọ ní kí n fi sílẹ̀, pé ọ̀rọ̀ ilé ni. N kò fi sílẹ̀. Alága, ta ló ní "ìsàlẹ̀ la fẹ́"? Akọ̀wé, láti ìgbà wo ni ẹni tó jíṣẹ́ ti di ẹni tó rán iṣẹ́? Ẹ dá mi lóhùn ní gbangba: ọjọ́ wo lẹ máa ka àtúnṣe rẹ̀ sétí àwọn òbí?