Àárò ABD

Ẹni tó bá gbà pé pàṣán ló ń fi ọgbọ́n sí ọmọ lórí, kó wá bá mi jà. Ara mi ló gbó, ẹnu mi kò gbó.

Lábúlé wa lọ́nà Lálúpọn, nígbà tí mo wà lọ́mọdé, inú ṣọ́ọ̀ṣì alámọ̀ la ti ń kàwé. Ìgboro Ìbàdàn ni tíṣà wa ti wá, pẹ̀lú kóòtù dúdú tí kì í bọ́ nínú ooru, àti pàṣán kan tó gùn débi pé ó lè dúró nídìí pátákó kó na ọmọ tó ń sun iṣu jẹ ní Ìwó. Ọ̀nà kan ṣoṣo ló mọ̀ láti kọ́ wa. Á ké "A, B, D," àwa náà á ké e, títí oòrùn á fi kàntàrí. A ké e tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ẹ̀gà orí ọ̀pẹ fi mọ̀ ọ́n ṣáájú wa. Bí ẹ bá rò pé irọ́ ni, ẹ lọ bi ẹ̀gà.

Ṣùgbọ́n bí ẹ bá na ìka sí lẹ́tà kan láàárín, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. Orin la mọ̀, a ò mọ̀wé.

Bẹ́ẹ̀, bàbá mi ti sọ tirẹ̀: "Bí iṣu tuntun bá jáde tí o kò lè kàwé lójú mi, ọkọ́ rẹ ń bẹ lẹ́yìn ilẹ̀kùn." Ohun tí bàbá àwọn yòókù náà sọ nìyẹn. Èmi ò sì fẹ́ fi ìwé sílẹ̀. Ọ̀lẹ ni mí, mo sì ti ṣàkíyèsí pé tíṣà kì í kọ ebè.

Mo bá kó àwọn ẹgbẹ́ mi lọ sóko. Mo ní, "Ẹ jẹ́ ká ṣe àárò." Ọmọ àgbẹ̀ wo ni kò mọ àárò? Lónìí, gbogbo wa á roko tìrẹ. Lọ́la, ó di tèmi. Mo fi ọkọ́ kọ lẹ́tà inú ìwé sílẹ̀ ní tẹ̀léǹtẹ̀lé, a sì ń fi orin tíṣà kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan títí kálukú fi dá díẹ̀ mọ̀. Ẹni tó mọ̀ ọ́n á dúró ti ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, ìyẹn náà á fi lẹ́tà mìíràn san án padà. A gbin àgbàdo sójú ìlà wọn. K yọmọ débi pé ìyá mi ká a sè. Títí dòní, bí mo bá rí K nínú ìwé, ebi a máa pa mí.

Iṣu tuntun jáde. Àwọn bàbá wa wá jókòó sórí bẹ́ǹṣì nínú ṣọ́ọ̀ṣì láti gbọ́ bí a ṣe ń kàwé. Ọmọbìnrin ará ilé kejì wa ń kà lọ geere, ló bá kọsẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ kan. Mo rọra pè é fún un.

Tíṣà fò sókè. "Olè! Ta ló ní kó o sọ fún un?"

"Mò ń san àárò ni, sà."

Bàbá mi dìde. "Tíṣà, kí lọmọ mi jí?"

"Ẹ má bínú, bàbá. Nílé ìwé, kálukú ló ń dá tirẹ̀ ṣe."

"Ẹ̀hẹn. Ilé tí ẹ ń sùn sí, ta ló bá yín fi koríko bò ó?"

Gbogbo ọkùnrin orí bẹ́ǹṣì ló bò ó. Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ojú ti tíṣà, ló bá kọjú sí mi: "Kúnlẹ̀ kó o tọrọ àforíjì, tàbí kó o má wọ ibí mọ́!"

Mi ò kúnlẹ̀. Mo gba ìwé lọ́wọ́ ọmọbìnrin náà, mo ka ojú ewé yẹn tán lórí ìdúró, mo dá ìwé padà, mo sì jáde.

Bàbá mi bá mi lọ́nà. "Mo gbọ́ ọ. O kà á. Níbo lo ti fẹ́ máa kà á wàyí?"

"Lóko, bàbá."

Ibi tí ìwé tèmi dé nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí tíṣà bá ti tú wọn sílẹ̀, oko wa làwọn ẹgbẹ́ mi ń gbà wá, wọ́n ní kí n la ohun tí tíṣà kọ́ wọn yé wọn. Nígbà tí àsìkò ebè dé, wọ́n ń fi ọkọ́ san àárò lẹ́tà. Èmi ọ̀lẹ, mo jókòó sábẹ́ igi, ebè tèmi ló pọ̀ jù lábúlé.

Kí ẹnikẹ́ni wá sọ fún mi pé ọ̀nà ìkọ́ni alárò yẹn kò dára.