Ẹyin Akàndé

Ẹ fìdí kalẹ̀ dáadáa, kí n rò fún yín ohun tí ojú mi rí lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀rín la fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Mo ní odídẹrẹ́ kan nílé mi níbí, ní Ẹdẹ. Akàndé lorúkọ rẹ̀. Ọdẹ kan láti Awo ló fún ìyàwó mi, Ìyá Kúdírá, nígbà tí ìyẹ́ rẹ̀ ò tíì hù tán. Ìyá Kúdírá ló kọ́ ọ lọ́rọ̀. Bí mo bá ti kírun àárọ̀ tán báyìí, ẹyẹ á ké: “Bàbá Kúdírá, ẹ wá jẹun, oúnjẹ ń tutù!” Ohùn ìyàwó mi gan-an ni! Títí kan bó ṣe máa ń fa “tutù” yẹn gùn, bíi pé mo ti ṣẹ̀ ẹ́.

Ìyá Kúdírá kú lọ́dún tó kọjá. Ẹ ò rí nǹkan? Èèyàn lọ, ohùn ṣẹ́ kù sínú kéèjì ẹyẹ.

Láti ìgbà náà ni mi ò ti ti kéèjì mọ́. Orí itan mi ni Akàndé máa ń wà. Màá máa fọwọ́ pa á lẹ́yìn, láti ọrùn títí dé ìrù, títí rédíò á fi dákẹ́. Ta ni mo tún fẹ́ fọwọ́ kàn nínú ilé yẹn?

Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ibi tí àpótí aṣọ Ìyá Kúdírá wà. Ó ń fẹnu ya ìborùn rẹ̀ sí wẹ́wẹ́, ó ń tò ó jọ sí kọ̀rọ̀. Ẹni tó bá nawọ́ síbẹ̀ gbé! Mo ní ọ̀fọ̀ ló ń ṣe é. Àfìgbà tó di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ẹyin! Funfun, kékeré bíi ti ẹyẹlé.

Ráṣídì káfíńtà, aládùúgbò mi, rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. “Ẹ̀gbọ́n, Akàndé bímọ! Àgbò ìkómọ dà? Ọjọ́ gbogbo tẹ́ ẹ ti ń pe ìyàwó ilé ní ọkùnrin!” Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn látìgbà ìsìnkú.

Ẹ wá gbọ́ àṣìṣe mi o. Gbogbo ayé mi ni mo fi sin adìẹ. Bí adìẹ tí kò ní àkùkọ bá fẹ́ sàba, kí la máa ń ṣe? A ó kó ẹyin kúrò nídìí rẹ̀, á gbàgbé, á jáde lọ jẹ̀. Bí bàbá mi ṣe ń ṣe é nìyẹn. Mo mú ẹyin Akàndé kúrò. Ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn náà, ó tún yé òmíràn. Mo tún mú un. Mo tiẹ̀ bá a wí pé ṣé orí kunkun ni.

Ẹyin mẹ́sàn-án ni mo mú, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹsẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ó ń já bọ́ lórí igi inú kéèjì. Láàárọ̀, á ní “Bàbá Kúdírá, ẹ wá...”, á sì dákẹ́ síbẹ̀.

Kúdírá, ọmọ mi, wá láti Òṣogbo, ó gbé wa lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran, ọmọbìnrin kan báyìí. Ó béèrè ohun tí mo fi ẹyin ṣe. Mo ṣàlàyé ti adìẹ fún un. Ó ní bí mo ṣe ń mú un ni ẹyẹ ń yé òmíràn dípò rẹ̀, pé láti inú eegun ara rẹ̀ ló ti ń fa ohun tó fi ń ṣe èèpo ẹyin. Ó tún bi mí bí mo ṣe ń fọwọ́ pa á. Mo fi hàn án. Ó ní, “Bàbá, ọkọ ẹyẹ ló máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún ìyàwó rẹ̀. Ó rò pé ẹ ti ní kí òun kọ́ ìtẹ́ ni. Ẹ pẹ̀lẹ́ sà, ẹ ò mọ̀ ni.”

Kúdírá yíjú sí fèrèsé.

Wọ́n gún un lábẹ́rẹ́, wọ́n fún wa lóògùn. Ṣùgbọ́n dókítà ní òun ò ní tàn mí, pé ó ti pẹ́ jù.

Ẹyin tó kẹ́yìn, tí mi ò tíì sọ nù, ni mo dá padà fún un. Orí ẹyin náà ni Akàndé wà nísàlẹ̀ kéèjì, lórí àkísà ìborùn yẹn. Mo mọ̀ pé kò sí nǹkan kan nínú ẹyin yẹn. Òun ni kò mọ̀. Mi ò fọwọ́ kàn án mọ́.

Kúdírá bi mí bóyá mo gba ohùn náà sílẹ̀ sórí fóònù rí. Rárá. Ohun tí mò ń gbọ́ láràárọ̀, kí ni mo fẹ́ gbà á sílẹ̀ ṣe?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sin odídẹrẹ́, bó bá ń wá kọ̀rọ̀, bó bá ń ya aṣọ, ẹ tètè béèrè lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n. Bó bá yé, ẹ fi ẹyin sílẹ̀ fún un. Ẹyẹ yìí kì í ṣe adìẹ. Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá sì ní èyí tó ti ṣàárẹ̀ tó báyìí, tó tún padà sọ̀rọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọ́ sábẹ́ ọ̀rọ̀ yìí fún mi. Màá kà á.

Láàárọ̀ yìí, mo kírun tán, mo jókòó sórí ẹní, mo dúró. Ilé dákẹ́. Nígbà tó pẹ́, èmi ni mo sọ ọ́: “Akàndé, wá jẹun, oúnjẹ ń tutù.”

Ó fi ojú kan wò mí, ó sì pa á dé.