Ìgbà Wo La Lè Gbálẹ̀ Lẹ́yìn Ẹni Tó Lọ Dàká?

Ọwọ́ mi ni ìyá ìyàwó mi ti já ìgbálẹ̀ gbà.

"Àna mi, ṣé ẹ fẹ́ gbá ọmọ mi dànù ni?"

Àárọ̀ ọjọ́ yẹn ni ìyàwó mi wọ ọkọ̀ òfuurufú ní Kútọnú, ó ń lọ kọ́ iṣẹ́ agbẹ̀bí ní Dàká. Òmìnira ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni. Èmi ń ránṣọ ní Sakẹ́tẹ́, ìyá sì ń gbé lọ́dọ̀ wa. Nílé wa, a kì í gbálẹ̀ lẹ́yìn arìnrìn-àjò àfi tí a bá mọ̀ pé ó ti gúnlẹ̀. Tó bá jẹ́ Pobẹ́ lẹnì kan ń lọ, kò le: á ti dé kí ọbẹ̀ tó jiná.

"Dàká ńkọ́?" ni ìyá bi mí. "Ìgbà wo ló máa dé?"

N kò mọ̀. Ilẹ̀ wà bẹ́ẹ̀ títí wáyà rẹ̀ fi dé. Láti ọjọ́ náà ni ìbéèrè yẹn ti wọ̀ mí lára.

Mo lọ bẹ tíṣà kan kó jẹ́ kí n wọn àwòrán Áfíríkà tó wà lára ògiri kíláàsì rẹ̀. Mo fi òwú tọ etí òkun láti Kútọnú, mo gba Lómé, mo gba Àbíjáǹ, mo ń bá a lọ. Etí òkun ni mọ́tò wa ń tọ̀ tó bá ń lọ sápá ibẹ̀; n kò rò pé ọ̀nà mìíràn wà. Mo rí bíi 2,900 kìlómítà. Òṣìṣẹ́ kan ní pápá ọkọ̀ òfuurufú sọ pé ọkọ̀ wọn ń fo 350 ní wákàtí kan. Wákàtí mẹ́jọ ó lé díẹ̀ nìyẹn. Nígbà tí ìyàwó mi lo ìsinmi tán tó tún padà, iye wákàtí tí ìyá fi dúró nìyẹn.

Ìsinmi kejì, ìyàwó mi rẹ́rìn-ín títí.

"Ta ló ní òkun la ń tọ̀? Igbó la rí nísàlẹ̀, lẹ́yìn náà ilẹ̀ pupa lọ salalu."

"Ẹ gbọ́ o!" ni ìyá wí. "Ọmọ mi ti jẹun tán ní Dàká, àna mi ní kí n ṣì jókòó sínú ìdọ̀tí."

Mo wá ra akèrègbè roboto kan lọ́jà, nítorí ayé kò tẹ́ pẹrẹsẹ. Mo fi èédú fa àwọn ìlà òòró àti ìbú tó wà lára àwòrán tíṣà sí i, mo sàmì sí ìlú méjèèjì, mo na òwú ṣinṣin láti ìlú kan dé èkejì. Mo rí 2,400. Kò pé wákàtí méje.

Ìyàwó mi gboyè, ó sì ríṣẹ́ sí Dàká. Ó wá kó ẹrù rẹ̀. Lọ́jọ́ tó lọ, ipa ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì hàn nínú eruku lẹ́bàá ibùsùn. Nígbà tó ku díẹ̀ kí wákàtí méje pé, ìyá wò mí.

"Ó ti dé?"

Tó bá jẹ́ ti 2,900 yẹn ni, ó ṣì ku ju wákàtí kan lọ. Ǹ bá sọ pé kò tíì dé, ìyá ì bá gbà.

"Ó ti dé, Ìyá."

Ó na ìgbálẹ̀ sí mi. Mo gbálẹ̀. Kò pẹ́ tí ìyá náà fi padà sílé rẹ̀ ní Pobẹ́.

Akèrègbè kì í rí roboto tán, mo mọ̀. Mo ra ìwé ìṣirò Faransé kan tó ti gbó, mo ń kọ́ ara mi bí wọ́n ṣe ń wọn ọ̀nà lórí ohun tó rí bíi bọ́ọ̀lù. Kò sẹ́ni tó ń bi mí léèrè mọ́. Mo ṣe é, mo tún un ṣe, iye kan náà ló ń jáde báyìí: Kútọnú sí Dàká, 2,362 kìlómítà, wákàtí mẹ́fà àti ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta.