Ohùn Tó Pe Oríkì Mi Nínú Ọyẹ́

Ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, kó rẹ́rìn-ín tán ká tó bẹ̀rẹ̀. Ìyàwó mi gan-an rẹ́rìn-ín nígbà tí mo kọ́kọ́ sọ ọ́ fún un, ṣùgbọ́n kò rẹ́rìn-ín mọ́ báyìí. Èmi ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀ sí, ojú mi sì là sílẹ̀ kedere.

Táyà ni mò ń tà ní Ẹgbẹ́dá. Àgbàdo ni mo dàgbà sí, níbi tí báálù ti máa ń gba orí òrùlé wa wálẹ̀ bó bá ń lọ bà ní pápákọ̀ òfuurufú Èkó. Láti kékeré ló ti wà lọ́kàn mi pé èmi náà á wà á lọ́jọ́ kan. Ọlọ́run gbọ́ àdúrà, mo kọ́ ọ ní Ìlọrin, mo sì gba ìwé àṣẹ láti máa wa báálù kékeré. Ìwé náà kò tíì pẹ́ lọ́wọ́ mi rárá.

Ẹ jẹ́ kí n là yín lọ́yẹ̀. Àwọn kan wà ní pápákọ̀ tí wọ́n ń fi rádà wo gbogbo báálù tó wà lókè. Bí o kò bá ríran dáadáa, àwọn lo máa pè lórí rédíò. Wọ́n á fún ọ ní nọ́ńbà kan tí o máa tẹ̀ sínú ẹ̀rọ báálù rẹ, ìgbà yẹn ni wọ́n á tó dá ọ mọ̀. Ohunkóhun tí wọ́n bá sì ní kí o ṣe, o gbọ́dọ̀ tún un sọ kí wọ́n mọ̀ pé o gbọ́. Ọ̀gá tó kọ́ mi kì í fi èyí ṣeré.

Ìyá mi ńkọ́? Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n. Wọ́n ti kọ́ mi láti kékeré pé bí ẹnì kan bá pè mí tí n kò rí i, n kò gbọdọ̀ jẹ́. Àbí ẹ rí wàhálà? Lórí rédíò, ta ni èèyàn ń rí?

Ọwọ́ ìrọ̀lẹ́ ni, nínú ọyẹ́, èmi nìkan ni mò ń wa báálù kékeré kan tí mo yá bọ̀ wá sí Èkó láti Ìlọrin. Mo kọjá Abẹ́òkúta tán ni kùrukùru bo gbogbo ayé. Ilẹ̀ kò sí, ọ̀run kò sí, gbogbo rẹ̀ funfun bí ògì. Mo mọ̀ pé mo ti ń sún mọ́ ọ̀nà tí àwọn báálù ńlá ń gbà wálẹ̀ lókè Àgbàdo. Bí èmi àti ọ̀kan nínú wọn bá pàdé, kò sí ohun tí ìyá mi máa rí sin. Ẹ̀rù bà mí gidigidi.

Mo pe àwọn onírádà, mo sọ àwọn lẹ́tà tí wọ́n kọ sára báálù mi. Ohùn obìnrin kan dáhùn, ohùn jẹ́jẹ́, bí ẹni tó jókòó sẹ́yìn mi. Ó ní òun ti rí mi, kí n yà sọ́wọ́ òsì. Òyìnbó ló fi sọ ọ́, bí a ṣe máa ń sọ ọ́ níbẹ̀. Inú mi dùn débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Mo tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ sọ, mo yà. N kò tiẹ̀ rántí pé kò fún mi ní nọ́ńbà kankan.

Ó ní kí n yà sí i. Mo tún un sọ, mo yà sí i.

Ìgbà náà ló wá sọ Yorùbá. Ó rọra pe oríkì mi.

Ẹ gbà mí gbọ́, kò sẹ́ni tó mọ oríkì yẹn yàtọ̀ sí ará ilé wa. Ó ní, "Ọkọ mi, máa bọ̀. O ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé." Bí ìyá mi ṣe máa ń pè mí gẹ́lẹ́ nìyẹn. Kí n tó ronú, mo ti jẹ́: "Mà!"

Mo ti jẹ́ ìpè ẹni tí n kò rí.

Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ohùn ọkùnrin kan já wọ inú rédíò, òyìnbó lòun náà ń sọ. Ó ń pe lẹ́tà ara báálù mi léraléra. "Ta lò ń dá lóhùn? A ní kí o dúró de èsì wa ni, a kò tíì sọ nǹkan míì! Bí o ṣe ń yà sósì la fi dá ọ mọ̀. Yà sọ́tùn-ún kíákíá! Báálù ńlá ń bọ̀ lósì rẹ!"

"Má dá a lóhùn," obìnrin náà sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Kò mọ̀ ọ́. Èmi ni mo mọ̀ ọ́."

Àwọn méjèèjì, n kò rí wọn. Ta ni n ó gbọ́ tirẹ̀? Ṣùgbọ́n òótọ́ ni obìnrin náà sọ, ọkùnrin yẹn kò mọ̀ mí, lẹ́tà ara báálù nìkan ló mọ̀. Ohun tó sì yẹ kí onírádà mọ̀ náà nìyẹn. Mo yà sọ́tùn-ún pẹ̀lú gbogbo agbára mi.

Òjìji ńlá kan kọjá lósì mi, báálù mi mì jìgìjìgì. Mo rí iná nínú àwọn fèrèsé rẹ̀.

Ọkùnrin náà ló darí mi títí mo fi balẹ̀. Ó wá bá mi fúnra rẹ̀, ọ̀dọ́kùnrin ọmọ Èkìtì kan ni. "Ẹ̀gbọ́n, a ń gbọ́ bẹ́ ẹ ṣe ń dáhùn o. A ò gbọ́ ẹni tó ń bá yín sọ̀rọ̀." Ó jẹ́ kí n gbọ́ ohun tí ẹ̀rọ wọn gbà sílẹ̀. Ohùn tèmi àti tirẹ̀ nìkan ló wà níbẹ̀; tèmi á dákẹ́, á tún sọ̀rọ̀, bí ẹni tó ń dá ẹnì kan lóhùn. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ara mi tí mo ní "Mà!" bí ọmọ kékeré.

Mo lọ bá ìyá mi ní Ìgàndó. Ìbéèrè kan péré ni wọ́n bi mí.

"Ṣé o jẹ́?"

"Ẹ̀ẹ̀kan péré ni, mà."

Wọ́n fọwọ́ bo ẹnu. Láti ọjọ́ náà, wọn kò pe oríkì mi mọ́, wọ́n sì kìlọ̀ fún ìyàwó mi náà. Ìdí rèé tí n kò fi kọ ọ́ síbí.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wa báálù, ẹni tó bá ní òun ti rí yín láìfún yín ní nọ́ńbà, ẹ má tẹ̀ lé e. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì mọ̀ mí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi oríkì pè mí, ì báà jẹ́ eré. Bí ọyẹ́ bá ti mú báyìí, mo máa ń gbọ́ ọ lẹ́yìn ògiri ilé wa ní Ìkòtún, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, pẹ̀lú ohùn ìyá mi. N kò tíì jẹ́.

Ìyá mi ti darúgbó, ó sì ń wù mí kí n tún gbọ́ ọ lẹ́nu wọn kí wọ́n tó lọ. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá pè mí, báwo ni n ó ṣe mọ̀ pé àwọn ni?