Ọwọ́ Òsì Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́

Òórùn sítáàṣì ara aṣọ tuntun ló máa ń kọ́kọ́ pàdé èèyàn lẹ́nu ọ̀nà ilé-iṣẹ́ wa n'Íkẹjà, òórùn òróró maṣíìnì á sì tẹ̀lé e. Bí atẹ́gùn bá wá fẹ́ láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ṣe bísíkíìtì ní òdìkejì ọ̀nà, ebi á ti máa pa gbogbo wa kí agogo oúnjẹ tó dún. Ṣẹ́ẹ̀tì ọkùnrin là ń rán níbẹ̀. Èmi kì í rán nǹkan kan. Èyí tí wọ́n bá ti rán tán ni mo máa ń yẹ̀ wò. Bí kọ́là bá wọ́, tàbí tí àpò kan bá ga ju ibi tó yẹ lọ, mà á fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí i, mà á sì dá a padà fún ẹni tó rán an. Ọdún mẹ́rin ni mo ti fi ṣe é nígbà náà. Ẹni tó bá fi ọdún mẹ́rin wá àbùkù kiri lára aṣọ, ojú rẹ̀ kì í mọ ìgbà tó yẹ kó sinmi. Ní ṣọ́ọ̀ṣì pàápàá, ìránpọ̀ èjìká àlùfáà ni mo máa ń wò nígbà tó bá ń wàásù, kí Ọlọ́run foríjì mí.

Àwọn ológun ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ìjọba fún alágbádá ni, ara sì tu àwọn èèyàn díẹ̀. Yàrá kan ni mo gbà l'Ágége. Onílé wa ra tẹlifíṣọ̀n, ó sì ní ọkàn rere, nítorí gbogbo ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀ ni àwa ayálégbé máa ń kún pálọ̀ rẹ̀ láti wo eré ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kan tí kò sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n nígbà náà. Ọkùnrin tó ń ṣe ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ náà rí pẹ́lẹ́ńgẹ́, kóòtù aláwọ̀ ilẹ̀ kan ṣoṣo ló sì máa ń wọ̀. Ohun tó mú wa fẹ́ràn rẹ̀ ni ẹ̀kọ́ ilé. Bó bá dé ọ̀dọ̀ àgbàlagbà, á kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ, kó tó wá bi í ní ìbéèrè tó máa gbé baba náà dé àtìmọ́lé.

Ní ọjọ́ Mọ́ńdè, nídìí tábìlì tí wọ́n ti ń gé aṣọ, a ó tún eré náà ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó dá wa lójú pé àwọn tó ṣe é ń fi àṣírí pamọ́ sínú ìṣe ọkùnrin yẹn fún ẹni tó bá lójú. Bó bá họ etí, irọ́ lẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀ ń pa. Bí wọ́n bá fún un ní àga tó kọ̀ tí kò jókòó, baálé ilé mọ nǹkan kan. Ẹ̀ẹ̀mejì la ti mú olè kó tó mú un, ìgbéraga sì ti wọ̀ wá lẹ́wù.

Ìgbà tó wá kan ìtàn ìwé ilẹ̀ olówó kan tí wọ́n jí, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ wa yí padà. Kò dọ̀bálẹ̀ mọ́. Ó ń tẹ orí ba díẹ̀ fún àwọn àgbà ẹbí olówó náà, ó sì ti ọwọ́ òsì rẹ̀ bọ àpò kóòtù láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Onílé wa pòṣé.

"Ẹ wo aláìlẹ́kọ̀ọ́ yìí! Ó ń kí baba olórí ẹbí lóòró!"

Àmọ́ nídìí tábìlì ní ọjọ́ Mọ́ńdè, àwa tá a lójú rò pé a mọ̀ ju onílé lọ. Baba olórí ẹbí ni olè nìyẹn, ìdí rẹ̀ ni kò ṣe dọ̀bálẹ̀ fún un. Kí ló wá wà nínú àpò?

"Ìbọn ni, wàláì," ni ọkùnrin tó ń lọ aṣọ ní ilé-iṣẹ́ wa wí.

"Ìbọn kọ́ o, òrùka ni," ni obìnrin tó ń rán bọ́tìnnì dá a lóhùn. "Ó ti fẹ́ ọmọ olè yẹn níkọ̀kọ̀. Ẹ ò mọ ọkùnrin ni."

Èmi rí ohun tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò rí. Àpò náà ti kúrò níbi tó wà tẹ́lẹ̀. Lọ́dún tó kọjá, ìbàdí ló wà, ó sì ní ìdérí. Ní báyìí ó ti gòkè sún mọ́ ikùn, ó fẹ̀, òwú etí rẹ̀ kò sì dọ́gba, ọwọ́ ni wọ́n fi rán an. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n kéde pé àwọn máa fún ẹni tó bá mọ olè kí eré tó parí, tó sì fi ẹ̀rí gbè é, ní ẹ̀bùn, mo gba ìwé, mo kọ ojú ewé méjì kún. Mo kọ ọ́ pé baba olórí ẹbí ni olè, pé ohun tó wà nínú àpò kóòtù yẹn ni ẹ̀rí. Mo kọ ọ́ pé ó ti tó ọ̀sẹ̀ méje tí ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kò dọ̀bálẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Mo kọ ọ́ pé bí ife bá wà lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀, á gbé e kalẹ̀ ná kó tó ṣí ilẹ̀kùn. Mo ya àpò náà pàápàá. Àwọn àgbà ní kì í ṣe gbogbo ohun tójú bá rí lẹnu ń sọ. Èmi kò tilẹ̀ fi ẹnu sọ tèmi, ìwé ni mo fi kọ ọ́ ránṣẹ́.

Wọ́n pè mí pé kí n wá gba ẹ̀bùn. Ọ̀gá wa fún mi láyè, mo wọ bàtà tí mo fi ń lọ sí ìgbéyàwó. Obìnrin kan ti jókòó sórí bẹ́ǹṣì níbi tí wọ́n ní kí n dúró sí, ó ká kóòtù kan sórí itan. Mi ò tíì wo kóòtù náà dáadáa nígbà tí ọ̀gá tó ń darí eré náà já wọlé, tó bọ̀ mí lọ́wọ́.

"Ẹ̀yin lẹ kọ lẹ́tà yẹn? Ẹ kú ojú o! Àwa tá a jọ wà pẹ̀lú rẹ̀ ò rí i. Ìgbà tá a kà á la tún téèpù wò látẹ̀yìn wá. Apá òsì ọkùnrin yẹn ti rọ, ó sì ń fi pamọ́ fún wa. A ti mú ẹlòmíì dípò rẹ̀."

Ó ń rẹ́rìn-ín. Obìnrin orí bẹ́ǹṣì gbójú sókè, ó wò mí láti orí dé bàtà. Ìgbà yẹn ni mo rí àpò ara kóòtù tó wà lórí itan rẹ̀, pẹ̀lú òwú tí kò dọ́gba.

"Èmi ni mo rán an," ló wí. "Ọkọ mi ni."

Kò ṣépè, kò sunkún. Ó gbé kóòtù náà lé tábìlì, nítorí pé ti ilé-iṣẹ́ ni, ó sì jáde. Wọ́n fún mi ní àwo tánńganran mẹ́fà. Nígbà tí mo padà dé ibi iṣẹ́, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi, wọ́n ní kí n ròyìn. Mi ò lè sọ ọ́. Mo ní ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ rìnrìn àjò ni. Nígbà tí ojú tuntun sì yọ nínú eré náà ní Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, obìnrin tó ń rán bọ́tìnnì lu tábìlì ní ọjọ́ Mọ́ńdè, ó ní òun ti mọ̀ pé yóò para dà kí olè má baà dá a mọ̀. Gbogbo wọn gbà á gbọ́. Mo jókòó sáàárín wọn, mo ti oúnjẹ mi síwájú ẹlòmíì.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fara dà á. Lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé kan, mo ra ọsàn, mo gba Ìfàkò lọ, mo sì béèrè ilé ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́. Ọmọ kékeré pàápàá mọ̀ ọ́n. Ìyàwó rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn, ó sì fà á tì sẹ́yìn ara rẹ̀.

"Kí lo tún wá wò?"

Mo kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ǹtì. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, mo wá tọrọ àforíjì lọ́wọ́ wọn ni."

"Àforíjì kí ni? Kò mọ̀ pé ẹnikẹ́ni rí òun." Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Mo bẹ àwọn ọ̀gá rẹ̀ kí wọ́n kọ ọ́ sí i pé eré náà ló fẹ́ sinmi. Mo ti bẹ gbogbo ará ilé yìí. Mo sọ fún un pé tẹlifíṣọ̀n wa ti jóná. Bí ẹrù bá wúwo lórí ìwọ, má wá sọ ọ́ lé ọkọ mi lórí."

Kí n tó dáhùn, ohùn tí mo mọ̀ dáadáa ti pè láti inú ilé. "Ta nìyẹn?"

Ó yíjú sínú ilé. "Ọ̀kan nínú àwọn tó máa ń wo eré yín ni."

"Kó wọlé o! Kó wọlé kíá!"

Orí àga ló wà, wọ́n da aṣọ bo èjìká òsì rẹ̀. Ó ti rù sí i, àmọ́ inú rẹ̀ dùn láti rí àlejò. Ó fẹ́ mọ gbogbo ohun tí à ń sọ ní ibi iṣẹ́. Mo sọ ti etí tó máa ń họ fún un, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní ẹ̀fọn tó wà níbi tí wọ́n ti ń ṣeré ló ń jẹ òun. Ó ní bí eré náà bá sinmi tán, òun á ti gbádùn, òun á sì padà síbẹ̀. Lẹ́yìn náà ló rẹ ohùn sílẹ̀, ó tẹ̀ síwájú bí ẹni tó fẹ́ sọ àṣírí.

"Ọwọ́ kan ni mo fi ṣe èyí tó kẹ́yìn. Ìyàwó mi ló bá mi dọ́gbọ́n sí i. Sọ òótọ́ fún mi, ọmọ mi. Ẹ̀yin tí ẹ ń wò mí, ṣé ẹ fura?"

Ìyàwó rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá, abọ́ omi wà lọ́wọ́ rẹ̀. Gbogbo ọ̀rọ̀ ẹ̀bẹ̀ tí mo ti tò láti Agége wà lẹ́nu mi. Mo fẹ́ kó mọ̀. Mo fẹ́ kó bú mi, kó lé mi síta, kó wá dárí jì mí nígbà tó bá yá, kí n lè sùn.

"Rárá o, sà," ni mo wí. "Ẹnikẹ́ni ò fura."

Ó fi ọwọ́ ọ̀tún lu itan rẹ̀ gbàà, ó kọjú sí ìyàwó rẹ̀. "Ṣé o gbọ́? Mi ò sọ fún ẹ?"

Ọyẹ́ ọdún yẹn kò tíì kásẹ̀ nílẹ̀ tí mo fi gbọ́ pé ó kú. Mi ò lọ síbẹ̀, ojú tì mí. Ẹnì kan ṣoṣo tó lè dárí jì mí kò mọ̀ pé mo ṣẹ òun, èmi náà ni mo sì rí i dájú pé kò mọ̀. Nítorí lẹ́tà yẹn, mo ti bẹ Ọlọ́run láìmọye ìgbà, mo ṣì ń bẹ̀ ẹ́. Ti irọ́ yẹn, mi ò bẹ̀ ẹ́ rí.